Ẹni Méjìlélọ́gbọ̀n Tí N Kò Pè

Ẹ bá mi gbọ́ ẹjọ́ yìí, nítorí mi ò mọ kóòtù tí mo lè gbé e lọ. Kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ tí mo fowó ara mi rà, tí mo san owó rẹ̀ tán, tí mi ò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ lórí ẹ̀, ló ń sọ fún mi pé kò sáyè mọ́. "No space left on device." Bó ṣe wí i nìyẹn, kò kí mi, kò bẹ̀ mí. Gígábáìtì 256 ni dísìkì náà. Fọ́tò ìgbéyàwó àbúrò mi wà níbẹ̀, fíìmù bíi mélòó kan wà níbẹ̀, ìwé iṣẹ́ mi náà wà níbẹ̀, gbogbo wọn pọ̀ wọn ò sì tó ìdajì ẹ̀. Ta ló wá gba ilé mọ́ onílé lọ́wọ́? Mo ní kí ẹ̀rọ náà ka ẹrù inú ẹ̀ fún mi, ó sì nàka sí fódà kan ṣoṣo: /nix/store. Ohun tó lé ní ìdajì dísìkì ló wà níbẹ̀, tó nà gbalaja.

Fún ẹni tí kò bá tíì pàdé Nix, ètò tó ń bá ni kó sọ́fítíwíà sínú kọ̀ǹpútà, tó ń bá ni tún un ṣe, tó sì ń bá ni yọ ọ́ kúrò ni. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Eelco Dolstra ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2003 ní Yunifásítì Utrecht, ní Nẹ́dálándì, òun náà ló sì fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 2006. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọkùnrin náà: ohun tó rò dáa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ètò tó kù, bí wọ́n bá mú ẹ̀dà tuntun dé, orí ẹ̀dà àtijọ́ ni wọ́n máa ń kó o lé. Bí tuntun ọ̀hún bá wá ṣìwà hù, àtijọ́ ti lọ, o wà nílẹ̀ níbẹ̀. Nix kò ṣe bẹ́ẹ̀. Fódà lọ́tọ̀ ló ń fún ohun gbogbo, á sì fi lẹ́tà àti nọ́ḿbà 32 ṣáájú orúkọ fódà náà, èyí tó ṣírò láti inú gbogbo ohun tí wọ́n fi kọ́ sọ́fítíwíà ọ̀hún. Tí mo bá fi Firefox sí i lónìí, fódà kan nìyẹn. Tí Firefox tuntun bá dé, fódà mìíràn. Tí ohun kékeré kan tí Firefox gbára lé bá yí padà, kódà kí ojú mi má rí ìyàtọ̀ kankan nínú Firefox fúnra ẹ̀, fódà mìíràn tún ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá fọwọ́ kan glibc, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ohun tó wà lórí Linux ló rọ̀ mọ́ ọn, ìlú ńlá tuntun ló máa dé sínú dísìkì yín. Ìlú àtijọ́ kò sì ní kó lọ. Á jókòó tì í.

Ẹ ti mọ irú ìyá àgbà tí kì í da ike bọ́tà nù. Á fọ̀ ọ́, á sá a sóòrùn, á tò ó jọ, á ní a ò mọ ọjọ́ tí yóò wúlò. Ẹ ò lè ṣílẹ̀kùn kíṣìnì mọ́, ẹ ò sì lè bá a jà, torí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá nílò ike kan ní kánjúkánjú, ọ̀dọ̀ ẹ̀ náà lẹ ó lọ. Nix nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí mo bá yí ohun kan padà nínú ètò mi, ó máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìran tuntun bẹ̀rẹ̀, á sì tọ́jú ìran ti àná pẹ̀lú ohun ìní ẹ̀ pátápátá.

Bẹ́ẹ̀ Nix ní agbálẹ̀ o! Ẹ má ṣe rò pé kò ní. Àṣẹ tí wọ́n fi ń pè é ni nix-collect-garbage. Mo pè é. Ó jí, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó kó mẹ́gábáìtì díẹ̀ dànù, ó padà lọ sùn. Gígábáìtì tó ń lọ sí àádọ́jọ ló ń wò yẹn o, tó ní kò sí pàǹtí níbẹ̀.

Mo pe ọmọkùnrin tó gbé Nix wọ ibi iṣẹ́ wa. Ọmọ dáadáa ni, ọmọ tó mọ ìwọ̀n ara ẹ̀ ni, ó kàn jẹ́ pé gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá sọ ló máa ń bí ọ̀rọ̀ mìíràn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ṣé ẹ fi -d sí i?"

"Kí ni -d?"

"Òun ló máa ń pa ìran àtijọ́ rẹ́, sà. Tí ìran bá ṣì wà, agbálẹ̀ ò lè fọwọ́ kan ẹrù ẹ̀. Gbòǹgbò ló jẹ́."

"Ó dáa. Mo ti fi -d sí i báyìí. Kò sí ìyàtọ̀ tó lórí."

"Ṣé ẹ lo sudo, sà?"

"O ò sọ pé kí n lo sudo."

"Hẹn, ẹ má bínú sà. Láìsí sudo, ìran tiyín nìkan ló máa pa rẹ́. Ìran ti ẹ̀rọ fúnra ẹ̀, root ló ni ín."

Ẹ gbọ́ ná. Èmi tí mo ra ẹ̀rọ, mo ní ìran tèmi. Ẹ̀rọ tí mo rà, ó ní ìran tirẹ̀. Agbálẹ̀ kan náà ló sì wà fún àwa méjèèjì, àmọ́ bí mi ò bá fi àṣẹ ọba pè é, iyàrá mi nìkan ló ń gbá. Mo lo sudo. Àyè ṣí díẹ̀. Mo tún pe ọmọkùnrin náà. "Ẹ̀gbọ́n, ó lè jẹ́ result ló ṣẹ́kù sà." Mi ò ní fi àlàyé ẹ̀ sú yín bó ṣe fi sú mi. Nígbàkígbà tí ẹ bá fi Nix kọ́ nǹkan nínú fódà kan, á fi ọ̀nà àbùjá kan sílẹ̀ níbẹ̀ tó ń jẹ́ result. Ọ̀nà àbùjá yẹn, gbòǹgbò ni. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà níbẹ̀, gbogbo ohun tó so mọ́ ọn, tó fi dórí ọmọ ọmọ rẹ̀, kò sí agbálẹ̀ tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Kò sì sẹ́ni tó ń rántí pé ó wà níbẹ̀.

Àṣẹ kan wà tí wọ́n fi ń wo gbogbo gbòǹgbò, nix-store --gc --print-roots. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní Nix, ẹ fi àyè sílẹ̀ lọ́jọ́ kan kẹ́ ẹ lò ó, ẹ ó rí ìgbésí ayé yín. Bí àkọsílẹ̀ náà ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lójú mi ni mo ń rí iṣẹ́ tí mo ti gbàgbé. Ìkan wà nínú fódà Downloads, tí mo kàn fi dán nǹkan wò. Ìkan jẹ́ ti ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo bẹ̀rẹ̀ tí mi ò parí. Èyí tó wá dùn mí wọra ni iṣẹ́ oníbàárà kan tó jẹ mí lówó, tó pa fóònù ẹ̀, tó sì sá lọ. Òun sá lọ, iṣẹ́ ẹ̀ kò lọ. Gígábáìtì mẹ́jọ ló ń gbé nílé mi lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú Python tirẹ̀, kọ̀ǹpáílà tirẹ̀, gbogbo mọ̀lẹ́bí ẹ̀ pátá. Mo pa ọ̀nà àbùjá yẹn rẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ Nix, ibẹ̀ nìkan ni mo ti rẹ́rìn-ín.

Wọ́n wá ní kí n yé fọwọ́ gbálẹ̀, pé ìlà kan péré ni màá kọ, nix.gc.automatic = true, NixOS, ìyẹn Linux tí wọ́n fi Nix kọ́ tó wà lórí ẹ̀rọ mi, á sì máa gbá ilẹ̀ fúnra ẹ̀. Mo ní ẹ ṣeun. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n béèrè: kí ló dé tí kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀? False ni wọ́n kọ síbẹ̀ kí n tó dé. Ètò tó mọ̀ pé òun kì í da nǹkan nù, tó sì mọ̀ pé òun ní agbálẹ̀, ló sọ pé kí agbálẹ̀ má ṣiṣẹ́ àfi bí onílé bá bẹ̀ ẹ́. Mo kọ true. Aago mélòó ni yóò máa gbálẹ̀? Tí ẹ ò bá sọ nǹkan kan, 03:15 ni wọ́n fi sí. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lóru.

Ẹni tó yan aago yìí, iná kì í lọ ládùúgbò tiẹ̀. Lágogo mẹ́ta òru ní tèmi, jẹnẹrétọ̀ ti dákẹ́, kọ̀ǹpútà ti kú fin-ín, ẹ̀fọn nìkan ló ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ilé. Mo rò pé bí aago bá ti kọjá, ó ti kọjá nìyẹn. Rárá o. Wọ́n ti fi persistent sí i pé true, ìyẹn ni pé iṣẹ́ tí kò bá rí ṣe lóru, á ṣe é gẹ́rẹ́ tí ẹ̀rọ bá ti jí. Ẹ wá wò mí láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. Mo tan ẹ̀rọ, ọ̀gá wa àti oníbàárà ti jókòó lórí fídíò, mo ń sọ pé "ẹ káàárọ̀ o, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?", agbálẹ̀ náà sì dìde, ó gbá ilẹ̀ tó yẹ kó gbá ní òru àná. Fáànù inú ẹ̀rọ ń pariwo, fídíò ń gé, wọ́n ń sọ fún mi pé kí n lọ jókòó síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kẹ̀! Mo ti wá yí i sí aago kan ọ̀sán báyìí, nígbà tí mo bá lọ jẹun. Ní ti Mac, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni nix-darwin, èyí tó ń fi Nix tọ́jú ètò Mac, ń gbálẹ̀ ní tirẹ̀ bí ẹ bá ní kó máa ṣe é, 03:15 kan náà sì ni. Ó dà bíi pé gbogbo wọn jọ ń jí ní aago yẹn ni.

Ìlà kejì tí wọ́n ní kí n kọ ni --delete-older-than 30d, pé kí ó pa gbogbo ìran tó ti lé ní ọgbọ̀n ọjọ́ rẹ́. Ẹni tó ní dísìkì ńlá lè kọ 30d. Ní tèmi, nǹkan tó lè kún láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ ju ohun tí dísìkì mi lè gbé. Mo ti gé e sí 7d, dísìkì náà sì ṣì ń bínú.

Ibi tí ẹkún wà gan-an nìyí. Ẹ̀yin tí dátà yín kì í tán, ẹ lè fo ìpínrọ̀ yìí. Agbálẹ̀ Nix ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí mi ò nílò mọ́ àti ohun tí mo máa nílò lọ́la. Irinṣẹ́ tí mo fi ń kọ́ iṣẹ́, bí iṣẹ́ bá ti parí, kò ní gbòǹgbò mọ́, ó ti di pàǹtí lójú ẹ̀. Á kó o dànù lọ́sàn-án. Lálẹ́, mo tún fẹ́ ṣe iṣẹ́ kan náà, ẹ̀rọ mi á gba cache.nixos.org lọ láti lọ fà á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú dátà mi. Ní oṣù January 2025, NCC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ tẹlifóònù ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù fi owó kún owó wọn, tó fi lè tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Kọ̀ǹpáílà tí mo fà wálẹ̀ lówó pọ́ọ́kú tẹ́lẹ̀, mo tún ń fà á lówó tuntun. Wọ́n ní oògùn ẹ̀ ni kí n kọ keep-outputs = true, kí agbálẹ̀ lè fi irinṣẹ́ iṣẹ́ sílẹ̀. Mo kọ ọ́. Irinṣẹ́ dúró. Dísìkì kún. Ẹ fẹ́ àyè, ẹ ná dátà. Ẹ fẹ́ tọ́jú dátà, ẹ ná àyè. Kò sí ọ̀nà kẹta tí wọ́n fi hàn mí.

Wọ́n tún ní min-free wà. Nọ́ḿbà kan ni: bí àyè dísìkì bá kéré sí i nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, kí agbálẹ̀ dìde lójú ẹsẹ̀. Èyí wù mí, ó bọ́gbọ́n mu. Nígbà tí mo wo iye tí wọ́n fi sí i látilẹ̀, òdo ni. Òdo! Ìyẹn ni pé nínú ìpìlẹ̀ ẹ̀, kò sí bí dísìkì ṣe lè fún tó tí Nix yóò fi ka ọ̀rọ̀ náà sí.

Bí ó bá jẹ́ àyè nìkan, mi ò ní sọ̀rọ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn ló gbé mi débí. Mo ń wo àkọsílẹ̀ àwọn òǹlò tó wà lórí ẹ̀rọ mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ìyàwó mi gba ẹ̀yìn mi kọjá, ó sì dúró.

"Bàbá Ìbejì, àwọn wo lẹ kó sínú kọ̀ǹpútà yín yìí?"

Mo wò ó. nixbld1, nixbld2, nixbld3, ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí dé nixbld32.

"Òṣìṣẹ́ ni wọ́n."

"Ẹni méjìlélọ́gbọ̀n? Ta ló ń san owó oṣù wọn?"

Mi ò lè dá a lóhùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ síbi ọbẹ̀ ẹ̀, ó fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè náà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé tí mi ò lè ṣe fún un. Bí Nix bá fẹ́ kọ́ sọ́fítíwíà kan, kì í fi agbára root ṣe é, torí ẹni tó kọ ìlànà sọ́fítíwíà náà lè jẹ́ jàǹdùkú, ó lè fẹ́ yọjú wo fáìlì mi tàbí kó ba iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ń kọ́ lọ́wọ́ jẹ́. Nítorí náà wọ́n dá àwọn òǹlò tí kò lágbára kankan sílẹ̀, wọ́n kó wọn sínú ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ nixbld. Iṣẹ́ kan, òǹlò kan. Iṣẹ́ méjì tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà kì í pín ẹyọ kan lò. Bí iṣẹ́ bá parí, ohunkóhun tí òǹlò yẹn bá ṣì ń ṣe, wọ́n á pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lórí Linux, nọ́ḿbà ẹgbẹ́ náà ni 30000, ti àwọn fúnra wọn sì bẹ̀rẹ̀ láti 30001 dé 30032. Mo gbà pé ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ààbò ni.

Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn. Wọn ò lè wọlé sórí ẹ̀rọ fúnra wọn, wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn. Ilé tí wọ́n kọ sí orúkọ wọn ni /var/empty, òfìfo ilé. Bí wọ́n bá sì bọ́ sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á sọ fún wọn pé ilé wọn ni /homeless-shelter. Mi ò ṣàwàdà o. Ohun tí Nix máa ń kọ sí HOME lásìkò iṣẹ́ nìyẹn, ibùwọ̀ aláìnílé, ibùwọ̀ ọ̀hún kò sì sí níbì kankan. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kí sọ́fítíwíà tó bá fẹ́ jí nǹkan kọ sínú ilé òǹlò lè kọsẹ̀ kí wọ́n tètè rí i. Bí ẹ bá wá ń kọ́ nǹkan láìlo sandbox, ìyẹn àpótí tí Nix máa ń sé iṣẹ́ mọ́, tó sì ṣẹlẹ̀ pé fódà tó ń jẹ́ orúkọ yẹn wà lórí ẹ̀rọ yín lóòótọ́, Nix á dúró, kò ní ṣiṣẹ́, á ní kẹ́ ẹ jọ̀ọ́ kẹ́ ẹ mú un kúrò. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n lọ gbé níbùwọ̀ aláìnílé, bí ibùwọ̀ náà bá wà, ẹ gbọ́dọ̀ wó o.

Ohun tí wọ́n bá sì kọ́ tán, kò ní ọjọ́ ìbí. Gbogbo fáìlì inú /nix/store ni wọ́n fi ọjọ́ kan náà sí, ọjọ́ kìíní oṣù January 1970, ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ́yìn ọ̀gànjọ́ òru, kí ìyàtọ̀ ọjọ́ má bàa ba ìṣirò jẹ́. Firefox tí mo fi sí i lánàá dàgbà jù mí lọ. Ogun Bìáfúrà kò tíì parí nígbà tí wọ́n bí i. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yẹn ni wọ́n parí ogun.

Ohun tó yẹ kí ìyàwó mi béèrè gan-an ni pé kí ni ẹni méjìlélọ́gbọ̀n ń ṣe lórí ẹ̀rọ tó ní core mẹ́jọ. Iṣẹ́ mẹ́jọ ni ẹ̀rọ mi lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà bí mo bá fi max-jobs sí auto. Mẹ́rìnlélógún tó kù kàn jókòó ni, láìsí ilé, láìsí owó oṣù, wọ́n ń retí. Bẹ́ẹ̀ ẹ ò lè sọ pé kẹ́ ẹ dín wọn kù kẹ́ ẹ wá gbé max-jobs sókè, torí Nix àtijọ́ á sọ fún yín pé gbogbo òǹlò iṣẹ́ ti tán, pé kẹ́ ẹ dá òmíràn sí i.

Mac ló wá fọ́ orí. Lórí Mac, òǹlò tí nọ́ḿbà ẹ̀ bá kéré sí 500 kì í hàn lójú ìwé tí a ti ń wọlé sórí ẹ̀rọ. Ìdí nìyẹn tí Nix fi kó àwọn èèyàn ẹ̀ síbẹ̀, láti 301 lọ sókè, kí onílé má bàa máa rí ẹni méjìlélọ́gbọ̀n láàárọ̀ kó tó rí ara ẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù September 2024, Apple gbé macOS 15 jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní Sequoia. Apple náà ní òṣìṣẹ́ tirẹ̀ tuntun tó fẹ́ fún ní yàrá, kò sì béèrè ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Ó kó wọn sí 301 dé 304. Ẹni mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú àwọn ará Nix bá di ẹni tí wọn ò rí mọ́, láìsí ìwé, láìsí ìkìlọ̀ kankan fún onílé. Ẹni tó bá fẹ́ fi Nix ṣe iṣẹ́ lẹ́yìn tó bá gba Sequoia, ohun tó ń kà ni pé "error: the user '_nixbld1' in the group 'nixbld' does not exist".

Èmi, mo mọ ohun tí onílé tó lé ayálégbé jáde ń jẹ́. Àmọ́ kí onílé gba yàrá, kó pa orúkọ ayálégbé rẹ́ nínú ìwé, kó tún wá jẹ́ pé ayálégbé tó kù ló ń bú ẹ pé òun ò rí ẹnìkejì òun, ìyẹn kò ṣojú mi rí. Àwọn tó ń ṣe Nix tètè gbọ́ ṣá, wọ́n kọ ìlànà kékeré kan tó ń kó àwọn èèyàn náà lọ sí 351 lọ sókè, ẹni tó bá sì ń fi Nix sórí Mac lákọ̀ọ́kọ́ báyìí, ibẹ̀ ló ti ń bá wọn. Ohun tó dára nìyẹn, mo gbóríyìn fún wọn.

Ṣé ó tán? Kò tán. Wọ́n yí nọ́ḿbà ẹgbẹ́ náà padà pẹ̀lú, láti 30000 sí 350. Ẹni tó bá ti ní ẹgbẹ́ àtijọ́ lórí Mac ẹ̀, tó wá ń fi nix-darwin tuntun tọ́jú ètò ẹ̀, ohun tó ń bá pàdé ni "Build user group has mismatching GID, aborting activation". Abort ni wọ́n sọ, wọn ò ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró díẹ̀. Èyí tó ń gba ẹ̀mí ẹni sílẹ̀ ni ids.gids.nixbld = 30000, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ètò yín pé ẹgbẹ́ àtijọ́ lẹ fẹ́. Ìlà kan wà tẹ́lẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ sínú tiwọn, nix.configureBuildUsers, kí nix-darwin lè máa bójú tó àwọn òǹlò yìí. Àwọn tó kọ ọ́ tún jí lọ́jọ́ kan, wọ́n gbọ́ pé ìlà náà kò wúlò mọ́, pé nix-darwin ti ń bójú tó wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ìyẹn dára o. Ohun tí mo fẹ́ kí agbálẹ̀ náà ṣe gan-an nìyẹn.

Mo bi ọmọkùnrin wa bóyá ọ̀nà kankan wà tí mi ò fi ní ní ẹni méjìlélọ́gbọ̀n yìí rárá. Ojú ẹ̀ tàn. "Ó wà, ẹ̀gbọ́n! auto-allocate-uids. Kò ní sí òǹlò kankan nínú àkọsílẹ̀ mọ́. Nígbà tí iṣẹ́ bá dé, Nix á yan nọ́ḿbà kan fúnra ẹ̀, tí iṣẹ́ bá parí, nọ́ḿbà náà á lọ." Inú mi dùn. Mo ní nọ́ḿbà wo ló máa ń yàn? "Látorí 872415232 ló ti ń bẹ̀rẹ̀, sà." Mo ní kó tún un pè. Ó tún un pè. Ó tún fi kún un pé ohun tí wọ́n ṣì ń dán wò ni, pé mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo gbà kí wọ́n dán an wò lára mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo pa fóònù. Ẹni 32 tí mo mọ̀ sàn fún mi.

Ọ̀pọ̀ ti bi mí léèrè pé kí ló dé tí mi ò kúkú fi Nix sílẹ̀. Ìbéèrè tó dáa ni. Ètò tuntun kan ló wọlé ní ọjọ́ kan, ó sì pa Wi-Fi mi. Ní ẹ̀rọ mìíràn, odindi ìrọ̀lẹ́ ni màá fi wá ọ̀nà, kò sì sí Wi-Fi tí màá fi wá a. Mo pa ẹ̀rọ náà, mo tún un tàn, mo yan ìran àná nínú àkọsílẹ̀ tó kọ́kọ́ yọ, Wi-Fi dé. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìdí tí ìyá àgbà fi kó ike jọ nìyẹn, mi ò lè bú u.

Nítorí náà, kì í ṣe pé kí wọ́n máa da nǹkan nù ni mò ń bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe Nix, nǹkan tí mò ń bẹ̀ yín kéré. Ẹ jẹ́ kí min-free ju òdo lọ látilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí agbálẹ̀ máa ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó máa bi wá pé aago wo ni iná wà ní ilé wa. Bó bá kọ̀ láti kó nǹkan kan dànù, ẹ jẹ́ kó sọ gbòǹgbò tó so ó mọ́lẹ̀, kí èèyàn má bàa fi odindi alẹ́ wá result kan nínú Downloads. Kẹ́ ẹ sì fún àwọn ọmọ yẹn ní ilé.

Ẹ̀yin òǹkàwé tó bá fẹ́ lo -d, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ìran tẹ́ ẹ wà nínú ẹ̀ báyìí ń ṣiṣẹ́ dáadáa, torí bí ẹ bá pa àtijọ́ rẹ́ tán, kò sí àná tẹ́ ẹ lè padà sí mọ́. Ẹni tó bá sì mọ ẹni tó ń ta dísìkì tẹ́ráàbáìtì kan lówó tí ojú lè rí, kó jọ̀wọ́ tètè bá mi sọ̀rọ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.